Àpò fílítà ilé-iṣẹ́ ọ̀dà wa ti dí pa nígbà òjò yìí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ_Ìta_Ògbólú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń po ọ̀dà títì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀. Ẹ̀rọ tó ń gbẹ òkúta wa ní baghouse lẹ́yìn, ìyẹn ilé onírin tí wọ́n gbé àwọn àpò fílítà gígùn kọ́ sí, tí èéfín gbígbóná máa ń gbà kọjá kó tó jáde sójú ọ̀run. Àpò Nomex, ìyẹn aṣọ tó ń gba ooru, ni tiwa. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí wọn láti òkè kí eruku lè já bọ́ sínú họ́pà, ìyẹn àpótí ìsàlẹ̀ tó ń gba eruku.

Látìgbà tí òjò ti ń rọ̀ lemọ́lemọ́ ni géèjì, èyí tó ń fi hàn bó ṣe ṣòro tó fún èéfín láti gba ara àpò kọjá, ti ń gòkè. Tẹ́lẹ̀, 4 sí 5 ínǹṣì omi ló máa ń wà, ṣùgbọ́n ó ti dé 9 báyìí. Fáànù ò rí èéfín fà mọ́, eruku ń tú jáde lẹ́nu dúrọ́ọ̀mù tí òkúta ń gbẹ nínú rẹ̀, iná bọ́nà tó ń mú un gbóná ń ṣe èéfín dúdú, òkúta tí à ń gbẹ lójúmọ́ sì ti dín kù gan-an. Mo gun òkè, mo ṣí ẹ̀gbẹ́ tó mọ́, níbi tí èéfín tí àpò ti sẹ́ ń gbà jáde, mo fa àpò kan jáde. Mo gbọ̀n ọ́n títí, eruku ara rẹ̀ ò dà nù. Ó ti lẹ̀ mọ́ aṣọ, ó le gbagidi. Nígbà tí mo ká a, ó sán wẹ́wẹ́, síbẹ̀ kò já.

Ọ̀gá ní ká tú gbogbo rẹ̀ ká fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò fọ̀ ọ́. Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ká so wọ́n kọ́ ká fi igi nà wọ́n. Àpò tuntun wọ́n gan-an, òkè òkun ló ti ń wá. Èwo ni ká ṣe?

Ẹlẹ́rọ_Ọ̀bà_Ilé

Àbúrò, ẹ má tíì mú pọ́ọ̀ǹpù, ẹ má sì mú igi. Orí géèjì ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló so ó mọ́ baghouse, ọ̀kan lọ síbi tó dọ̀tí, ọ̀kan lọ síbi tó mọ́. Lásìkò òjò, omi àti eruku máa ń pàdé nínú èyí tó lọ síbi ìdọ̀tí, wọ́n á sì dí i. Ẹ yọ rọ́bà méjèèjì lára géèjì. Tí ọwọ́ rẹ̀ ò bá padà sí òdo, irọ́ ló ti ń pa fún yín látọjọ́ yìí. Tí ẹ bá fẹ́ tú ihò rọ́bà náà, ẹ fẹ́ ẹ síhà baghouse, ẹ má fẹ́ ẹ síhà géèjì, kó má baà bà jẹ́.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀, òun ló sì ń mú kí wọ́n máa pa àpò tó yẹ kó ṣì pẹ́. Aṣọ yẹn nìkan kọ́ ló ń dá eruku dúró. Awọ eruku tẹ́ẹ́rẹ́ tó bo ojú aṣọ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí á mọ̀ ọ́n: nígbà tí eèrí bá ti tẹ́ díẹ̀ sójú asẹ́ ni ohun tó ń kán sísàlẹ̀ máa ń kúnná. Nítorí náà, àpò tó funfun báláú kọ́ là ń wá. Tí géèjì bá wà láàárín 3 sí 6, ẹ jẹ́ kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń fẹ́ atẹ́gùn lù ú ṣáá nígbà tí kò tíì yẹ ń ṣí awọ yẹn kúrò ni, eruku tó kúnná jù á wá ráyè wọnú aṣọ lọ jókòó, atẹ́gùn ò sì ní lè lé e jáde mọ́.

Ẹ dá mi lóhùn o: báà mélòó (ìyẹn ìwọ̀n agbára atẹ́gùn) ló wà nínú táǹkì atẹ́gùn yín? Ṣé gbogbo fáàfù tó ń tú atẹ́gùn sínú ìlà àpò ló ń dún tí ó bá kàn wọ́n? Ṣé họ́pà ń ṣófo? Tí ẹ bá tan bọ́nà láàárọ̀, báwo ló ṣe ń pẹ́ tó kẹ́ ẹ tó da òkúta sí i?

Onípákó_Oǹdó

Ẹ kú àròjinlẹ̀ o, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ pákó ni tiwa ní Oǹdó níbí, eruku igi là ń fà, fílítà wa sì jẹ́ irú èyí tí mọ́tò ń gbọ̀n. Inú àpò ni eruku tiwa ń wà, tiyín ń wà ní ìta. Ohun tí mo lè fi kún un ni pé ẹ má gbọ̀n ọ́n nígbà tí fáànù bá ń ṣiṣẹ́. Bí atẹ́gùn bá ṣì ń kọjá, àpò á wú, eruku á sì máa lẹ̀ mọ́ ọn. A máa ń pa fáànù, a ó dúró kí àpò rọ̀ wọ̀ọ̀, lẹ́yìn náà la ó gbọ̀n ọ́n, a ó sì jẹ́ kí eruku balẹ̀ ká tó tan án padà. Tẹ́lẹ̀ rí, wọn kì í dúró kó balẹ̀ níbi iṣẹ́ wa. Gbogbo eruku tí wọ́n gbọ̀n ló ń padà lọ sára aṣọ.

Ẹni tó bá ń lo irú tiwa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jó irin nítòsí rẹ̀. Eruku igi lè gbiná lójijì kó bú gbàù.

Ọmọ_Ìta_Ògbólú

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Géèjì padà sí òdo, òótọ́ ló ń sọ. Táǹkì atẹ́gùn ń dé báà 6, ṣùgbọ́n bí fáàfù bá ti ń dún, ó ń wálẹ̀ sí 3, kò sì tètè gòkè padà. Mo dúró tì wọ́n, mo fetí sí wọn níkọ̀ọ̀kan. Èyí tó pọ̀ ń dún pọ́ọ̀! Àwọn méjì ò dún rárá, ọ̀kan sì ń ṣe ṣííí láìdákẹ́. Mo tú omi ìsàlẹ̀ táǹkì, omi aláwọ̀ ilẹ̀ ló dà, ọ́ìlì sì léfòó lórí rẹ̀. Ní ti àárọ̀, kété tí bọ́nà bá ti mú iná là ń da òkúta sí i, nítorí mọ́tò àwọn oníbàárà á ti tò sílẹ̀.

Bàbá_Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀

Ọmọ mi, o ti sọ ohun tó ń ṣe yín. Ẹ jẹ́ kí n mú ti atẹ́gùn.

Èyí tó ń ṣe ṣííí yẹn ló ń jẹ gbogbo atẹ́gùn táǹkì. Awẹ́ rọ́bà wà nínú fáàfù yẹn. Bó bá ya, kódà kó jẹ́ ihò abẹ́rẹ́, kò ní lè pa ẹnu dé mọ́. Ẹ tú u, ẹ gbé rọ́bà náà sójú oòrùn, ẹ ó rí ibi tó ti ya. Owó kékeré ni rọ́bà yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó àpò. Ẹ nu ibi tó ń jókòó lé kí ẹ tó dá tuntun padà, nítorí ẹyọ iyanrìn kan péré tó láti mú kó máa jò.

Àwọn méjì tí kò dún, ẹ wo solenoid wọn, ìyẹn kọ́ìlì oníná tó ń ṣí fáàfù. Tó bá kan wọn, ẹ fi ẹnu sikurudiráfà onírin kan orí rẹ̀. Bí iná bá dé ibẹ̀, á fà á mọ́ra. Bí kò bá fà á, wáyà ti já tàbí kọ́ìlì ti jó. Bó bá fà á tí fáàfù ò sì dún, ìdọ̀tí ló dí ọ̀nà atẹ́gùn kékeré inú rẹ̀. Ìlà àpò tó wà lábẹ́ àwọn méjì yẹn, ẹ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò bá wọn gbọn eruku láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Gbogbo èéfín á wá máa gba ara àwọn tó kù kọjá, àwọn náà á dí.

Omi àti ọ́ìlì inú táǹkì ló dùn mí jù. Ẹ̀ ń fi atẹ́gùn fọ àpò, ẹ tún ń fi ọ́ìlì kùn ún. Àpò tí ọ́ìlì bá ti wọ̀ kì í padà bọ̀ sípò. Láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí ẹ máa tú ìsàlẹ̀ táǹkì títí tí atẹ́gùn gbígbẹ á fi jáde. Ẹ fi fílítà tó ń yọ omi àti ọ́ìlì sáàárín kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ àti táǹkì. Bí owó bá wà, ẹ ra ẹ̀rọ tó ń gbẹ atẹ́gùn, pàápàá níbi tí òjò ti ń pọ̀ bíi tiwa. Bí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀ bá ń tu ọ́ìlì, ríǹgì rẹ̀ ti jẹ.

Báà 5 sí 7 ló tó. Ẹ má rò pé bẹ́ ẹ bá sún un sí 9 eruku á tètè bọ́. Àpò ni ẹ ó fà ya. Ẹ tún wo páìpù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sísàlẹ̀, kí ihò rẹ̀ kọjú sí àárín gbùngbùn ẹnu àpò kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá tú u tẹ́lẹ̀ tó sì dá a padà ní wíwọ́, ẹ̀gbẹ́ kan ọrùn àpò ni atẹ́gùn á máa gbá, ibẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ lu.

Ẹlẹ́rọ_Ọ̀bà_Ilé

Bàbá ti parí ti atẹ́gùn, ẹ ṣeun, sà. Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí omi, nítorí òun gan-an ló sọ eruku yín di ẹrẹ̀.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí òkúta àti iyanrìn yín bá ní omi ìdá 5 nínú 100, tí ẹ sì ń gbẹ tọ́ọ̀nù 60 ní wákàtí kan, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù omi 3 lẹ̀ ń sọ di oru ní wákàtí yẹn. Inú baghouse ni gbogbo oru náà ń gbà jáde. Bí irin ara baghouse bá ṣì tutù, oru á di omi lára rẹ̀ àti lára àpò. Eruku á wá di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ á gbẹ, ohun tó sán wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ yín nìyẹn. Kò sí atẹ́gùn tó ń fẹ́ ẹrẹ̀ kúrò lára aṣọ.

Ohun tí mo ń wí fún gbogbo ibi tí mo bá ti lọ ṣiṣẹ́ nìyí: láàárọ̀, ẹ tan bọ́nà ní kékeré, ẹ tan fáànù, ẹ má da òkúta kankan sí i. Ẹ jẹ́ kí ilé náà gbóná jálẹ̀ títí ooru èéfín tó ń jáde níbi tó mọ́ á fi dé nǹkan bí 110 sí 120°C, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Kí àwọn oníbàárà dúró díẹ̀. Nírọ̀lẹ́, bí òkúta bá tán, ẹ má pa gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn gbígbóná lé oru jáde, ẹ wá pa bọ́nà, lẹ́yìn náà fáànù, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí fáàfù ṣì máa fẹ́ àpò fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí fáànù ti dákẹ́. Ìgbà yẹn ni eruku máa ń bọ́ jù, nítorí kò sí èéfín tó ń tì í padà sára àpò.

Ẹ tún bo iyanrìn yín. Ó ń mu omi ju òkúta lọ. Bí ẹ ò bá lè kan páànù lé gbogbo òkìtì, ẹ kan án lé ti iyanrìn nìkan, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ṣe gẹ̀rẹ́ kí omi lè ṣàn lọ. Epo tí ẹ máa jó á dín kù pẹ̀lú.

Ní ti ooru, Nomex ń gba nǹkan bí 200°C lójoojúmọ́, kó má kọjá bẹ́ẹ̀. Àpò polyester kò gbọdọ̀ kọjá 135°C, oru gbígbóná sì tètè ń jẹ ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ta polyester fún yín nítorí owó rẹ̀ kéré, ẹ sọ fún un pé ilé-iṣẹ́ ọ̀dà ni tiyín.

Èéfín dúdú bọ́nà yẹn náà ń kọ mí lóminú. Bó bá jẹ́ LPFO, ìyẹn epo dúdú tó ki, lẹ̀ ń jó, tí ẹ ò sì mú un gbóná dáadáa kó tó dé bọ́nà, epo tí kò jó tán á lọ lẹ̀ mọ́ àpò. Yàtọ̀ sí pé á dí i, iná lè sọ níbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_FUTA

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè ni tèmi, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì bá ti ibi iṣẹ́ mu. Wọ́n ní fífẹ́ atẹ́gùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 0.1 sí 0.2 lọ, nítorí ìjì kúkúrú tó bá àpò lójijì ló ń gbọn eruku, àfikún àkókò kàn ń fi atẹ́gùn ṣòfò ni. Wọ́n tún ní kí a má fẹ́ ìlà kìíní, kí a wá fẹ́ ìkejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, nítorí eruku tó bọ́ lára ọ̀kan á fò lọ sára èkejì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ká máa fo ìlà. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń ṣe é?

Ẹlẹ́rọ_Ọ̀bà_Ilé

Bẹ́ẹ̀ náà ni, ọmọ mi, o káre. Bí bọ́ọ̀dù tó ń darí fáàfù bá sì gbà á, ẹ so ó mọ́ géèjì: kó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ tó bá dé 5, kó dákẹ́ tó bá padà sí 3 àbọ̀. Ó dára ju kó máa fẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ lọ.

Ìyá_Ẹlẹ́lùbọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi ń lọ ẹ̀gẹ́ àti iṣu lójú ọ̀nà Ìdànrè, àwa sì máa ń fọ àpò tiwa. Polyester ni, ìyẹ̀fun gbígbẹ nìkan ló sì ń bá a pàdé, kò sí ooru níbẹ̀. A kọ́kọ́ máa ń fi ẹ̀rọ tó ń fa eruku fa ojú rẹ̀. A ó wá rẹ ẹ́ sínú omi tútù pẹ̀lú ọṣẹ tí kò le, a ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, a kì í bó o. Omi mímọ́ la fi ń ṣàn án títí ọṣẹ á fi tán, a ó sì sá a síbòòji níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́. Kó gbẹ dé inú lọ́hùn-ún o! Àpò tó bá ní omi díẹ̀ tí ìyẹ̀fun bá bà, ẹ ti po àmàlà sí i lára.

Ẹ fi ọ̀kan dán an wò kẹ́ ẹ tó kó gbogbo rẹ̀ sómi. Ẹ wọn gígùn rẹ̀ ṣáájú, ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn tó bá gbẹ. Bó bá súnkì, kò ní wọ kéèjì, irin tó ń gbé àpò dúró láti inú, mọ́, tàbí kó wọ̀ ọ́ kó fún jù, tí atẹ́gùn ò sì ní lè mì ín.

Ẹlẹ́rọ_Ọ̀bà_Ilé

Ẹ ṣé gan-an, mà. Fún ìyẹ̀fun, mo fara mọ́ ọn. Fún eruku òkúta tó ti di ẹrẹ̀ nínú Nomex, ọkàn mi ò gbà á. Omi ẹ̀rọ ìfọmọ́tò á ti èyí tó kúnná lọ sí àárín aṣọ, á sì fa òwú rẹ̀ tu. Igi náà á ṣẹ́ òwú níbi tí aṣọ ti kan irin kéèjì. Ẹni tó bá ń fọ àpò tí sìmẹ́ńtì tàbí láìmù (ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n fi òkúta ṣe) wà lára rẹ̀, ṣe ló ń po kọnkéré.

Ọmọ Ìta-Ògbólú, ẹ ṣe é báyìí: ẹ tún fáàfù ṣe, ẹ gbẹ atẹ́gùn, ẹ tan bọ́nà láìsí òkúta kí ilé náà gbẹ dáadáa, ẹ pa á, kẹ́ ẹ wá fẹ́ àpò láìsí fáànù, ẹ tún mú un gbóná, ẹ tún fẹ́ ẹ. Bí ẹrẹ̀ bá ti gbẹ, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa bọ́. Èyí tí kò bá bọ́, ẹ gé àpò kan ṣóńṣó, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ibi tẹ́ ẹ gé. Bí eruku bá ti gba inú aṣọ dé òdìkejì, àpò yẹn ti kú. Tí ẹ bá máa pààrọ̀, ẹ pààrọ̀ odindi ìlà tàbí odindi yàrá. Ẹyọ àpò tuntun kan láàárín àwọn àtijọ́ ni gbogbo èéfín á kọjú sí, kò sì ní pẹ́ kó tó bà jẹ́.

Nọ́ọ̀sì_Àkúrẹ́

Ẹ jẹ́ kí n wọlé, mo bẹ̀ yín. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ àpò, ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ń tú u. Òkúta tí à ń fọ́ lágbègbè wa ní silica, irú ohun tó pọ̀ nínú iyanrìn, nínú. Eruku rẹ̀ tó kúnná jù, tí ojú ò lè rí, ló ń dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ló sì ń dá àpá sí. Silicosis ni wọ́n ń pè é. Kò ní ìwòsàn, ẹni tó bá ní in sì tètè ń kó ikọ́ ẹ̀gbẹ. Inú baghouse sì ni èyí tó kúnná jù ń kó jọ sí!

Áńkáṣífù kò tó. Aṣọ ìbòmú tí wọ́n ń lò nígbà kòrónà kò tó. N95 ni ó kéré jù, kó fún mọ́ ojú dáadáa. Èyí tó jẹ́ rọ́bà tó ní fílítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì sàn jù. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá eruku tó dà sílẹ̀. Ẹ bọ́ aṣọ iṣẹ́ síbi iṣẹ́, ẹ má gbé e lọ bá ọmọ nílé.

Ẹnikẹ́ni má dá wọ inú rẹ̀. Kí ẹ gé iná, kẹ́ ẹ fi kọ́kọ́rọ́ tì í, kí kọ́kọ́rọ́ náà wà lápò ẹni tó wọlé. Kẹ́ ẹ tú atẹ́gùn inú táǹkì dànù, kí ẹnì kan sì dúró lẹ́nu ọ̀nà tí yóò máa bá a sọ̀rọ̀.

Bàbá_Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀

Ọlọ́run á bù kún ọ, ọmọ mi. Mo mọ ẹni tí ikọ́ yìí mú lọ.

Ọmọ_Ìta_Ògbólú

Mo padà wá jábọ̀. Mo ka ọ̀rọ̀ yín fún ọ̀gá, ó gbà, ó sì ra ìbòmú onírọ́bà fún gbogbo wa. A pààrọ̀ rọ́bà fáàfù tó ń jò. Nínú àwọn méjì tí kò dún, ọ̀kan jẹ́ wáyà tó já, èkejì jẹ́ kọ́ìlì. Táǹkì kì í wá sísàlẹ̀ báà 5 mọ́. Nígbà tí a ń mú un gbóná tí a sì ń fẹ́ ẹ láìsí fáànù, ẹrẹ̀ gbígbẹ ń já bọ́ sínú họ́pà, à ń gbọ́ ọ lára irin, pẹ̀pẹ̀pẹ̀. Géèjì wálẹ̀ sí 6, ó sì ti ń wà ní 5 báyìí. Àpò ìlà méjì tó wà lábẹ́ àwọn fáàfù tó kú yẹn ò gbọ́ o. A gé ọ̀kan, eruku ti gba inú rẹ̀ já. A ti ní kí wọ́n bá wa ra ti ìlà méjèèjì.

Ìbéèrè tó kù: báwo la ṣe máa bẹ̀rẹ̀ àpò tuntun, kí ni ká sì ṣe sí eruku tó kún họ́pà?

Ẹlẹ́rọ_Ọ̀bà_Ilé

Inú mi dùn. Kí èéfín àkọ́kọ́ tó bá àpò tuntun, ẹ tan fáànù láìtan bọ́nà, ẹ wá da láìmù tó kúnná sínú páìpù tó ń wọ baghouse kó lè lọ bo ojú aṣọ. Ẹ má jẹ́ kí fáàfù fẹ́ nígbà yẹn. Ẹ dúró kí géèjì gòkè díẹ̀ kẹ́ ẹ tó tan fáàfù padà. Epo bọ́nà tí kò jó tán á bá láìmù yẹn pàdé, kò ní kan aṣọ gan-an.

Eruku họ́pà, ẹ má jẹ́ kó dé ibi tí èéfín ń gbà wọlé, nítorí èéfín á tún gbé e padà sára àpò, á sì máa họ ìdí wọn. Ẹ wo rọ́bà ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Bó bá ń fa atẹ́gùn tútù wọlé, ibẹ̀ náà ni omi á ti máa dé. Eruku ọ̀hún fúnra rẹ̀ wúlò nínú ọ̀dà, òun ló ń dí àlàfo kéékèèké láàárín òkúta. Ẹ máa dá a padà sínú rẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, kó má jẹ́ pé púpọ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la, kí ọ̀dà yín má baà le jù tàbí kó rọ̀ jù. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi omi wọ́n ọn kẹ́ ẹ tó kó o sínú ọkọ̀, kẹ́ ẹ sì fi tapólì bò ó. Ẹ má dà á sí gọ́tà, ìsàlẹ̀ odò ló máa lọ.

Onípákó_Oǹdó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, láìmù yẹn, ṣé a lè lò ó fún àpò eruku igi?

Ẹlẹ́rọ_Ọ̀bà_Ilé

Kò pọn dandan fún tiyín, kò sí epo bọ́nà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí eruku igi fúnra rẹ̀ bo aṣọ, ẹ kàn má gbọ̀n ọ́n ní gbogbo ìgbà tó bá ṣì tuntun. Ẹ wo wáyà tó so fílítà yín mọ́ ilẹ̀, kó má já. Eruku gbígbẹ tó ń họ aṣọ lè kó iná mànàmáná jọ sára rẹ̀, lásìkò ọyẹ́ ló sì máa ń pọ̀ jù.